Àna Tó Ń Wọn Ìrẹ́pọ̀

Iná orí òpó di pupa nígbà tí Ìbídùn ṣì ki apá bọ ẹnu ẹ̀rọ afami dé èjìká, tó ń fa àwọ̀n gbígbó kan tó ti lọ́ mọ́ eyín ẹ̀rọ náà. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Oyèníran, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó di ìgbànú rẹ̀ mú lẹ́yìn kí omi má baà fà á wọlé, ló rí i.

"Ọ̀gá, ó ti pọ́n o."

"Kí ló pọ́n?"

"Iná wa."

Ìbídùn yọ apá, ó gbójú sókè. Lórí Odi tó na ara rẹ̀ sáàárín òkun àti ìlú títí ojú ò fi lè ká a mọ́, ẹgbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òpó tirẹ̀, òpó kọ̀ọ̀kan ló sì ní iná tirẹ̀. Gbogbo wọn ń tàn ní àwọ̀ ewé tútù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tiwọn nìkan ló pọ́n bí ojú alápòlò. Àwọn ẹgbẹ́ tó múlé tì wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń na ọrùn wò wọ́n. Ẹ̀dá mà burú o! Àwọn tí wọ́n jọ mu gààrí ní ìjẹta ló ń fà sẹ́yìn yìí, bí ẹni pé iná pupa lè ràn wọ́n.

Ẹ̀gbà funfun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbọ̀n, ohùn obìnrin kan sì jáde nínú rẹ̀, ohùn tó dùn bí ti ìyàwó tuntun tó ń kí ará ilé ọkọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àáró Ìbídùn. Ìrẹ́pọ̀ yín ti já. Ẹni tí ẹgbẹ́ yà sọ́tọ̀ ni Fẹ̀yìntọlá. Alábòójútó ń bọ̀ wá gbọ́ tẹnu yín. Bí àlàyé kò bá wọlé kí fèrè ọ̀sán tó dún, Fẹ̀yìntọlá yóò fi Odi sílẹ̀. Ẹ máa fẹ́ràn ara yín."

Àáró ni Àjọ Odi ń pe ẹgbẹ́ iṣẹ́, orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ tó máa ń bá ara wọn ro oko ní àkókò tó kan kálukú. Orúkọ tí Àjọ fún ohùn dídùn yìí ní tirẹ̀ gùn ju ohun téèyàn lè rántí lọ. Àna ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí ẹni tí kì í túnra mú níwájú àna. Bí inú bá ń bí ọ, wàá rẹ́rìn-ín. Bí ọbẹ̀ ò bá dùn, wàá lá ọwọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé lórí Odi nìyẹn láti ìgbà tí òkun ti gba ìlú àwọn bàbá wọn, tí Àjọ sì ti pinnu pé ẹgbẹ́ tí kò rẹ́ ló ń jẹ́ kí odi ya. Ẹ̀gbà náà ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ bí àyà ṣe ń lù, ó mọ ẹni tó jókòó ti ta nídìí àwo, ó sì mọ ẹni tó wọlé tí ọ̀rọ̀ fi já lẹ́nu àwọn yòókù. Àna á kó o pọ̀, á fi tan iná.

"Òmùgọ̀ ni Àna yìí ṣá," Bàbá Kárímù wí, ó sì ju ṣọ́bìrì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Bàbá, ẹ rọra. Ó ń gbọ́," Ìbídùn wí.

"Kó gbọ́! Kó wá fi ẹ̀gbà gbá mi létí."

Ṣùgbọ́n ẹni kẹrin wọn náà ti gbọ́. Ó wà lórí àtẹ̀gùn tó ń da èérí òkun jáde nínú agbọ̀n, ẹ̀gbà tirẹ̀ sì ti sọ fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún àwọn yòókù. Fẹ̀yìntọlá ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu Àna. Lẹ́nu àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, Ìyá Àkàngbé ni, ní orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù mọ́ aṣọ.

"Èmi lẹ yà sọ́tọ̀?"

Oyèníran ń wo ilẹ̀.

"Mo kúkú ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti jọ wà lórí Odi yìí, Ìyá Àkàngbé lẹ ń pè mí. Ní báyìí, ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. 'Ẹ̀gbọ́n' lónìí, 'Ìyá wa' lọ́la, bí ẹni ń kí àlejò. Ìwọ Oyèníran, bí mo bá ti yọ, ìtọ̀ á gbọ̀n ọ́. Irú ìtọ̀ wo nìyẹn? Ìbídùn, ọdún wo la ti jọ wà? Kí ni mo ṣe yín?"

"Ẹ ò ṣe wá ní nǹkan kan," Ìbídùn wí. Ó gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, ó sì mọ̀ pé Àna náà gbọ́.

"Bí mi ò bá ṣe nǹkan kan, ta ló tan iná yẹn?"

Obìnrin náà gbé agbọ̀n rẹ̀, ó padà sórí àtẹ̀gùn, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ohun tí wọn ò lè sọ rèé. Àkàngbé ti kú. Ó bá àwọn apẹja lọ sí ìta Odi, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wọ ẹ̀gbà, ìjì sì da ọkọ̀ wọn dé. Wọ́n rí òkú rẹ̀, wọ́n sì sin ín sí èbúté ọ̀hún. Ọlọ́kọ̀ kan ló wá sọ fún àwọn mẹ́ta yòókù níbi ẹnu ẹ̀rọ afami, níbi tí ariwo omi kì í jẹ́ kí Àna gbọ́ràn bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ó fi ẹnu lé etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní Bàbá Adétòrò, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà tó ń gbé lókè ọ̀hún, ti gbọ́, ó sì ní kí wọ́n bá òun di ẹnu mú. Òun ń bọ̀ pẹ̀lú àbúrò ìyá wọn kan ṣoṣo tó kù láyé. Ìyá kì í gbọ́ ikú ọmọ lẹ́nu ẹni tó bá ṣáà rí. Ẹbí ló ń wá. Wọ́n á mú un jókòó, wọ́n á bu omi fún un, ẹnì kan á wà lọ́tùn-ún, ẹnì kan á wà lósì, kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí òkun tó dé, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó dé.

Wọ́n gbà. Ta ni ò ní gbà? Àwọn tó fẹ́ràn obìnrin náà ni wọ́n, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n di ẹnu. Wọn ò lè di àyà. Bó bá ti yọ pẹ́nrẹ́n, àyà wọn á já. Bí wọ́n bá sì ti fẹ́ pè é, orúkọ òkú ni yóò wá sí wọn lẹ́nu, wọ́n á tètè wá orúkọ mìíràn. Gbogbo rẹ̀ ni Àna ń kà.

Ọkọ̀ afò kékeré kan bà sórí Odi, Olúmúyìwá, alábòójútó ìrẹ́pọ̀, sì jáde nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìkíni ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Kárímù kó tó nu òjò lójú. Ìbídùn rántí ìgbà tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wọn, nígbà tí Àna ń ka èébú Bàbá Kárímù sí ìkórìíra. Ọkùnrin yìí ló jókòó tì wọ́n títí, tó kọ́ Àna pé bí àgbàlagbà bá pe ènìyàn ní olórí ìkòkò láàárọ̀, ó ń kí i ni. Àna gbọ́, ó sì kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí Ìbídùn fi ní ìrètí díẹ̀.

"Mọ̀mọ́, kí ló dé?" ó bi Ìbídùn. "Àáró yín wà lára àwọn tó dáa jù lórí Odi."

"Ó rẹ̀ wá ni."

"Bó bá jẹ́ pé ó rẹ̀ yín, ì bá hàn lára ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó na dígí kan sí i. Ẹyọ iná mẹ́rin ló ń tàn nínú rẹ̀: mẹ́ta fara kan ara wọn, ọ̀kan dá wà níhà kejì bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò nídìí eré. "Ẹ̀yin mẹ́ta rèé. Òun rèé. Bó bá ti yọ, àyà yín á sáré. Ọ̀rọ̀ yín á gé. Ẹ ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Mọ̀mọ́, ibikíbi tí a bá ti rí irú èyí, ìkórìíra la ń pè é."

"Ìkórìíra!" Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa. Èmi ni kẹ́ ẹ kọ. Èmi ni mo yà kúrò lára wọn. Ẹ lé mi."

"Àna ò ní gbà. Ó rí yín."

Ìbídùn di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ bá mi kálọ síbi ẹ̀rọ, ọ̀gá. Nǹkan kan há sí i lẹ́nu tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí."

Níbi ẹnu ẹ̀rọ afami, omi ń ké bí akọ màlúù. Ìbídùn fi ẹnu lé etí rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Kò gùn. Nígbà tó fi máa sọ ọ́ tán, fìlà ti kúrò lórí ọkùnrin náà, ó dì í mú síwájú àyà.

"Yéè," ó wí. Ìbídùn ò gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ló rí. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ fún Àna bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni iná á yí padà."

"Ṣé kò ní sọ fún un?"

Olúmúyìwá ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Mo ní, ṣé Àna ò ní sọ fún ìyá ọmọ náà?"

"Òfin ni, Mọ̀mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde nípa ẹnikẹ́ni nínú àáró, Àna gbọ́dọ̀ gbé e dé etí onítọ̀hún. A kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn lórí Odi. Ẹ̀yin náà lẹ dìbò fún un."

Òótọ́ ni. Ìbídùn wà lára àwọn tó na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ náà. Òfófó ló ń tú àáró ká nígbà yẹn, ó sì ti sú gbogbo wọn. Wọ́n pariwo ayọ̀ nígbà tí òfin ọ̀hún wọlé, wọ́n jó. Ọwọ́ ara wa la fi ń ṣera wa, a ó tún máa wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

"Bàbá Adétòrò wà nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́," ó wí. "Ẹ bá wa dá fèrè dúró di ìgbà yẹn. Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run."

"Èmi kọ́ ni mo ni fèrè."

"Bó bá jẹ́ ìyá yín ńkọ́?"

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Ohun tí mo gbọ́ níbí, mi ò gbọ́ ọ. Àfi kí iná yí padà fúnra rẹ̀ kí fèrè tó dún. Ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ bá a jẹun, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bí àyà yín bá lè balẹ̀ díẹ̀..." Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò sì tún bojú wẹ̀yìn.

Ìbídùn pè wọ́n sídìí oúnjẹ kí àkókò tó tó. Ó tẹ ẹ̀bà, Bàbá Kárímù gbé ọbẹ̀ ẹja tó kù láná wá, wọ́n sì gbé e sínú abọ́ kan ṣoṣo. Ó lọ sórí àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa jẹun."

"Oúnjẹ ìdágbére?"

"Oúnjẹ lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó wá. Ó jókòó láàárín Ìbídùn àti Oyèníran, ó fọ ọwọ́, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá Kárímù gé òkèlè, ó wò ó tìfura-tìfura.

"Ìbídùn, ta ló kọ́ ọ ní ẹ̀bà títẹ̀? Èyí ò ní gba ẹnu ẹ̀rọ afami kọjá. Bí a bá fi dí ibi tí Odi ti là, òkun á padà sílé."

"Ẹ má jẹ ẹ́ nígbà náà."

"Ta ní kí n má jẹ ẹ́? Ebi ń pa mí ju ìtìjú lọ."

Ìyá Àkàngbé ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà yọ́ jáde ní imú rẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Oyèníran. "Gbé orí ẹja yẹn. O rù jù." Oyèníran gbé e. Ìbídùn ò jẹ́ kí ojú rẹ̀ lọ sí òpó lójú kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tó wò ó, pupa náà ti ṣí, ó ti di àwọ̀ òroǹbó. Ọlọ́run mi o! Ó ku díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àyà ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú: rọra, má já, rọra.

"Bóyá èmi náà ni mò ń ro ìròkurò," Ìyá Àkàngbé wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ara mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Oorun ò kùn mí. Ẹ má bínú bí mo bá ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù yín."

"A ò bínú," Bàbá Kárímù wí.

"Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín." Ó nu ọwọ́, ó na apá sẹ́yìn, ó fa aṣọ kan yọ nínú àpò rẹ̀: bùbá ọkùnrin, aláwọ̀ omi òkun, apá ọ̀tún rẹ̀ ò tíì ní ìṣẹ́tí. "Ti Àkàngbé ni. Ọrùn rẹ̀ ti ń tóbi bíi ti bàbá rẹ̀, èyí tó ní ti ń fún un lọ́rùn. Mo fẹ́ kó bá a nílẹ̀ bó bá ti òkun dé. Oyèníran, dìde jàre, kí n fi wọ̀n ọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara yín lọ."

Oyèníran dìde. Kí ni ì bá tún ṣe? Ìyá Àkàngbé na aṣọ náà sí i lẹ́yìn láti èjìká dé èjìká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ ọ níbí, ó ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ ọ lọ́hùn-ún. "Dúró dáadáa. Bí òun náà ṣe máa ń ṣe nìyí, kì í dúró sójú kan." Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Ó já aṣọ náà kúrò lára bí ẹni tí iná jó, ó sáré lọ sí etí Odi, ó sì bì gbogbo ohun tó jẹ sínú òkun.

Iná pọ́n padà.

Ìyá Àkàngbé dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ó wo Oyèníran, ó wo iná.

"Aṣọ ọmọ mi náà ń rí yín lára," ó wí jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," Ìbídùn wí.

"Ṣe bí ojú mi rèé. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ ò ní lé mi. Màá lọ fúnra mi."

Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú agbọ̀n níṣojú wọn: ìkòkò kékeré, ẹní, ẹ̀wù òtútù kan. Ó ká aṣọ Àkàngbé, ó sì gbé e lé orí gbogbo rẹ̀.

Ìbídùn mọ ohun tó wà ní ìta Odi. Kì í ṣe ẹrẹ̀ àti ebi nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àáró kankan tó máa gba ẹni tí Àna ti yọ, ilé rẹ̀ nínú Odi ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Àwọn apẹja ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà á ká ọwọ́ lérí, á ní "Ẹ kú àmúmọ́ra o." Lórí ìdúró. Láàárín ẹrẹ̀. Pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Bí òun bá sì sọ ọ́ fún Àna, ohùn dídùn yẹn ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní ẹ kú iṣẹ́ o, á sì fi ẹ máa fẹ́ràn ara yín parí rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ò dáa, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ ènìyàn nínú.

"Ìyá Àkàngbé," ó wí.

Obìnrin náà dúró gbagidi. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ orúkọ ọ̀hún.

"Ẹ gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ẹ jókòó."

Bàbá Kárímù yára dìde. "Ìbídùn, má dán an wò. Kì í ṣe tiwa láti túfọ̀..." Ó gé e sẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ bá mi bu omi wá."

Àgbàlagbà náà lọ, ó bu omi sínú ife, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìbídùn jókòó lápá ọ̀tún. Ó fojú pe Oyèníran, òun náà wá jókòó lápá òsì.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà tí wọ́n ń tò yí ká báyìí tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìyá Àkàngbé wo ife omi náà, kò gbà á.

"Ta ni?" ó wí. "Bàbá Adétòrò ni? Ẹ̀gbọ́n mi ni, àbí? Wọ́n ti ń ṣàìsàn láti ìgbà òjò."

"Ẹ mu omi díẹ̀."

"Ìbídùn, mo ní ta ni?"

"Bàbá Adétòrò ń bọ̀. Wọ́n wà lójú ọ̀nà. Àwọn ló ní ká di ẹnu mú títí wọn ó fi dé."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹbí tó kù fún un nínú ọkàn rẹ̀. Kò ní púpọ̀ láti kà. Ìbídùn rí i bó ṣe ń sún mọ́ ọn, bí ojú rẹ̀ ṣe ń kọ̀ ọ́, tó ń yà kúrò níbẹ̀, tó tún ń padà síbẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Òkun gbé Àkàngbé, ìyá mi. Wọ́n ti sin ín. Ẹ ò ṣẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà ni a ń gbé pamọ́ fún yín."

Ife ṣubú. Igbe tí obìnrin náà ké, mi ò ní gbìyànjú àtisọ ọ́. Ó fi orí lu àyà Ìbídùn, ó ń gbá a, ó tún ń dì mọ́ ọn. Oyèníran dì mọ́ àwọn méjèèjì. Bàbá Kárímù wó lulẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó na ọwọ́ di ẹsẹ̀ obìnrin náà mú. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan lórí kọnkéré tútù, wọ́n jọ ń mì, wọ́n jọ ń mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọlọ́kọ̀ ti wá, kò sí ohun tó wà láàárín wọn mọ́.

Orin ni wọ́n gbọ́.

Láti inú ẹ̀gbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti láti orí òpó ló ti dún lẹ́ẹ̀kan náà, orin ìdùnnú, agogo àti fèrè. Iná orí òpó ti kúrò ní pupa. Àwọ̀ ewé ló tàn, ó mọ́lẹ̀ ju ti gbogbo òpó yòókù lọ.

"Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin àáró Ìbídùn!" ni Àna wí. "Àlàyé ti wọlé. Àyà yín ń lù bí ẹyọ kan. Kò sí irú ìrẹ́pọ̀ yìí rí lórí gbogbo Odi. Ẹ kú oríire, Bàbá Kárímù. Ẹ kú oríire, Oyèníran. Ẹ kú oríire, Ìbídùn. Fẹ̀yìntọlá, orúkọ tí ẹgbẹ́ ń pè yín ti padà. Ẹ kú oríire, Ìyá Àkàngbé."

Àṣà Odi ni pé bí orin yìí bá dún, gbogbo àáró tó bá gbọ́ ọ á pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń fà sẹ́yìn láàárọ̀ ló pariwo jù, wọ́n ń ju fìlà sókè. Wọ́n jìnnà, wọn ò gbọ́ igbe nínú ariwo ara wọn. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni àwọn mẹ́rin yẹn fi ń yí nílẹ̀. Bàbá Kárímù fi ṣọ́bìrì lu ẹ̀gbà ọwọ́ ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Orin náà ò dáwọ́ dúró títí ó fi parí.

Fèrè ọ̀sán dún lẹ́yìn náà, kò sì sẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ dé, Bàbá Adétòrò fi ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀, àbúrò ìyá wọn, arúgbó obìnrin kan, sì dì í léjìká. Bàbá náà ti múra ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀. Ó rí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, irun rẹ̀ títú, aṣọ ọmọ rẹ̀ lójú. Ó dúró.

"Ta ló sọ fún un?"

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá."

"Mo ní kí ẹ bá mi di ẹnu mú."

"A dì í, bàbá."

Kò bú u. Ì bá sàn bó bá bú u. Ó kọjá lára rẹ̀, òun àti arúgbó náà, wọ́n lọ jókòó ti obìnrin wọn lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti wà kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde.

Olúmúyìwá tún wá. Ó mú àsíá àwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń fún àáró tó bá gbégbá orókè lọ́wọ́, ojú sì ń tì í láti nà án síwájú. Ó fà á mọ́ ẹ̀yìn, ó sún mọ́ Ìbídùn.

"Ó kéré tán, Àna ti kọ́ ọ," ó wí. "Bí àáró mìíràn bá tún ń fi irú rẹ̀ pamọ́, kò ní kà á sí ìkórìíra mọ́."

"Kí ló máa wá ṣe?"

Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. "Á tètè wádìí ohun tí wọ́n ń fi pamọ́, á sì sọ fún onítọ̀hún. Kí ìrẹ́pọ̀ má baà já."

Ìbídùn gba àsíá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú ẹnu ẹ̀rọ afami, ẹ̀rọ náà sì gbé e mì. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àkàngbé, ó fẹ́ tọrọ àforíjì, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà mú aṣọ kúrò lójú. Ohùn rẹ̀ ti há, ó sì balẹ̀.

"Ẹ̀ bá jẹ́ kí wọ́n lé mi," ó wí. "Ǹ bá ru agbọ̀n mi, ǹ bá máa ṣépè fún yín lọ lójú ọ̀nà. Ǹ bá máa rò ó nínú mi pé, ẹ jẹ́ kí Àkàngbé dé. Màá fẹjọ́ yín sùn ún."